Iná Tó Ń Kú Bí Kẹ̀kẹ́ Bá Dúró

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹwàá 1984

Òjò rọ̀ láti ọ̀sán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí mo parí kíláàsì ní Daagbé. Ẹni méjìlélógún ló wá. Gbogbo wọn jókòó lábẹ́ àtíbàbà Bàbá Fábíyìí, fìtílà kan láàárín, àwọn àgbà tí ọkọ́ ti mú ọwọ́ wọn le ń di ṣọ́ọ̀kì mú bí ẹni di akàn mú. Inú dídùn ni mo fi kúrò níbẹ̀.

Ìdùnnú náà kò dé Ifangni. Àwọn mílíìsì, ẹ̀ṣọ́ ìjọba, dá mi dúró níbi tí wọ́n fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà.

"Prêt pour la Révolution!" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"La lutte continue!" ni mo fi dáhùn, bí ìkíni ìjọba ṣe rí.

"Bon. Éclairage dà, kámáràdì?"

Iná kẹ̀kẹ́ ló ń bèèrè. Àṣẹ tuntun ni. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní iná kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́yìn aago méje alẹ́ mọ́, wọn á gbà á ni. Ó ní òun á fojú fo èyí nítorí òun mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìwé, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ mi á sùn lọ́dọ̀ àwọn. Mo mọ ẹni méjì tí kẹ̀kẹ́ wọn lọ sùn níbẹ̀. Wọn ò rí i mọ́ títí di òní. Bí tèmi bá lọ, ta ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rin Daagbé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀?

Ọjọ́rú, 10

Òṣùpá lé téńté, ojú ọ̀nà mọ́ débi pé mo rí èèrà. Mo na ìka sí òṣùpá fún mílíìsì náà. Ó gbójú sókè, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ó dára. Ṣé orí kẹ̀kẹ́ rẹ ló wà?"

Ó ní bí mo bá sọ̀kalẹ̀ tí mo ń tì í, ẹlẹ́sẹ̀ ni mí, kò kan òun. Mo tì í délé. Thérèse ìyàwó mi ti sùn, ó gbé oúnjẹ dè mí, ó ti tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Mo fi rọ́bà táyà so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ihò àkọ́kọ́ tí mo kó sí, ó já bọ́, gíláàsì rẹ̀ fọ́. Píìlì méjì tí mo rà sínú rẹ̀ gbówó lórí ju ẹran tí a jẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ti bodè, gbogbo ohun tó ń tàn ló di ọ̀wọ́n: píìlì, epo òyìnbó, ìṣáná pàápàá. Wọ́n ní iná kẹ̀kẹ́ tuntun wà ní Porto-Novo, ẹgbẹ̀rún méje àti ààbọ̀ fráǹkì. Oṣù méjì nìyí tí wọn kò tíì san owó wa. Kí n máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ògúntádé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tú àpótí irin àlòkù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó fa dínámò kan yọ pẹ̀lú fìtílà rẹ̀, ó ti dípẹtà, ojú fìtílà sì tóbi bí ọpọ́n ọbẹ̀. Èyí kì í jẹ píìlì. Èèyàn á fi orí rẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn, táyà á máa yí i, iná á máa tàn.

Mo bi í léèrè ìdí tí owó rẹ̀ fi kéré tó báyìí. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ni. Ó ń hu bí alùpùpù. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní ó ń dójú ti òun."

Mo ní kí ó máa hu lọ. Mo san 1,800 fráǹkì àti agolo gàrí mẹ́ta. Nítorí gàrí yẹn, Thérèse kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú iná. Nínú Daagbé, iyanrìn pọ̀, títì ni mò ń ti kẹ̀kẹ́ títí màá fi jáde sí ọ̀nà ẹ̀yìn oko. Ibẹ̀ ni mo ti gùn ún, mo jẹ́ kí dínámò fara kan táyà. Ha! Ó hu lóòótọ́, ẹsẹ̀ mi sì wúwo bí ẹni ń gun òkè, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ gba oko ẹ̀gẹ́ já dé ìdí àwọn ọ̀pẹ. Mo kọrin. Ó pẹ́ tí mo ti kọrin lórí kẹ̀kẹ́.

Mo dé ibi ìdènà, mo dúró. Iná kú.

"Éclairage dà?"

Mo ní ó ń tàn báyìí báyìí ni. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo ní bí kẹ̀kẹ́ bá dúró ni í kú, bí ó bá ń lọ ni í tàn. Ó ní ṣé kí òun wá jẹ́ kó máa lọ kí òun tó mọ̀ bóyá ó lè lọ? Mo wá gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè bí ẹni gbé ewúrẹ́, mo fi ọwọ́ kejì yí pẹ́dàlì, iná sì tàn sí i lójú. Ó bojú, ó ní kí n máa lọ kíákíá.

Ọjọ́rú, 17

Bí mo bá ti dé Daagbé, mo máa ń tú fìtílà náà kúrò, màá fi í sínú àpò mi. Mo sọ fún ara mi pé nítorí olè ni. Kì í ṣe nítorí olè. Nítorí pé mo ti sọ fún wọn pé ìjọba kò tíì sanwó ni wọ́n ṣe ń dá epo òyìnbó sí fìtílà kíláàsì, tí wọ́n sì ń di iṣu fún mi. Àǹtí Ràfátù ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú epo náà wá, opó ni, ó sì ń fi orí rù ú láti òdìkejì bodè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé iná tuntun kalẹ̀ níwájú rẹ̀? Nínú àpò ló ń gbé.

Ọjọ́ Ajé, 22

Ẹni mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ní ìkórè ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Ẹni mọ́kànlá. Àǹtí Ràfátù kò wá, òun tí kì í pa kíláàsì jẹ. Mo bínú sí àwọn tó wá nítorí àwọn tí kò wá, èyí tí kò bójú mu. Nígbà tí mo ń padà, mo gbọ́ ariwo nínú oko, ohun kan já lu ilẹ̀ gbì. Mo rò pé ẹran ìgbẹ́ ni. Ẹ̀rù bà mí, mo wa kẹ̀kẹ́ lọ kánkán.

Ọjọ́ Ajé, 29

Ẹni mẹ́jọ. Wọ́n ní Àǹtí Ràfátù ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Mo bi Bàbá Fábíyìí léèrè bó ṣe ṣubú. Ó ní, "Ó ṣubú ni," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lójú pátákó sókè, bẹ́ẹ̀ mi ò ní kó kà á.

Ọjọ́rú, 31

Ẹni mẹ́fà, ọjọ́ náà gan-an ni Kámáràdì Ṣàngóyẹmí, alábòójútó wa, yàn láti wá. Ó ka orí, ó tún un kà. Ó ní kí ni mo ṣe fún àwọn èèyàn wọ̀nyí? Mi ò mọ̀. Ó ní ìdánwò di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ní Ifangni. Bí ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá yege, wọn á kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ gidi, owó oṣù á máa dé. Bí wọn kò bá pé, wọn á ti kíláàsì Daagbé pa, kí n padà sí oko bàbá mi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí ló dùn mí jù.

Mi ò sùn. Mo ń ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá mo ti bú ẹnì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kọkànlá

Ọlọ́run ṣàánú mi. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo gbé ọsàn lọ kí Àǹtí Ràfátù ní Daagbé lọ́sàn-án. Ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ti fi ọparun dì í. Ó dùn mọ́ ọn pé mo wá, ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi.

"Olùkọ́, má bínú pé mi ò wá. Dúánì ni, àwọn aṣọ́bodè tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti ra alùpùpù kan, ojú iná rẹ̀ tóbi báyìí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n. "Ó ń hu. Ọ̀nà ẹ̀yìn oko ló ń gbà. Mo ru kẹ́ẹ̀gì epo, mo rí iná, mo sáré wọ inú ẹ̀gẹ́, mi ò mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀. Epo dànù, ẹsẹ̀ kán."

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde. Ọjọ́ kíláàsì nìkan! Wọ́n ti mọ̀ pé a máa ń pé jọ sí ibì kan lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kò fi wá mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ o."

Ọsàn kan wà lọ́wọ́ mi, mo ti bó o dé ìdajì. Mo bó o tán, mo gbé e fún un. Ó dúpẹ́. Mo dìde, mo ní ilẹ̀ ń ṣú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà ní àárín ọ̀run.

Gbì tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, òun ni.

Ọjọ́ Ajé, 5

Mo fi iná sílẹ̀ sílé. Mo ti kẹ̀kẹ́ láti Daagbé dé Ifangni nínú òkùnkùn. Mo délé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, òòyì ń kọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Mo tún tì í. Thérèse bi mí pé ibo ni iná tí òun fi gàrí ra wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Bàbá Angèle, sọ fún wọn kí wọ́n tó fúnra wọn mọ̀."

Mo ní bí mo bá sọ, wọ́n lè lù mí. Ó ní kì í ṣe lílù ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀sín ni. Obìnrin yìí mọ̀ mí jù.

Ọjọ́rú, 14

Ẹni mẹ́sàn-án. Wọ́n ní alùpùpù dúánì ti bàjẹ́, pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí kò jáde. Bàbá Fábíyìí ní bóyá wọ́n á tún un ṣe. Mo kọ "bóyá" sójú pátákó, mo ní kí wọ́n kà á. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Ajé, 19

Ẹsẹ̀ mi wú. Mi ò lè máa tì í lọ báyìí, mi ò sì lè tan iná náà mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀. Mo bẹ Bàbá Fábíyìí kó pe gbogbo kíláàsì, àwọn tó ti sá náà, sí àgbàlá Àǹtí Ràfátù. Wọ́n wá, wọ́n rò pé owó ni wọ́n fẹ́ pín.

Mo dojú kẹ̀kẹ́ bolẹ̀. Mo yọ fìtílà nínú àpò, mo so ó mọ́ ọn, mo fi dínámò kan táyà, mo yí pẹ́dàlì. Ó hu. Iná gba ara ògiri, ó lé àwọn adìẹ tó ti ń sùn dìde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé e mì.

"Tún un yí," ni Àǹtí Ràfátù wí.

Mo yí i. Ó di ojú, ó ń gbọ́.

"Òun ni," ó wí.

Mo wá ṣàlàyé. Mo sọ ti mílíìsì, mo sọ ti àṣẹ tuntun, mo sọ iye tí wọ́n ń tà á ní Porto-Novo, mo sọ ìdí tí mo fi ń gbé e pamọ́. Mo ní mi ò mọ̀, mo ní kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi gùn débi pé ìtìjú bá mi kí n tó parí.

Bàbá Fábíyìí di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ọmọ Ògúnjìnmí! Ìwọ la ń sá fún? Èmi Fábíyìí ju odindi àpò ṣúgà sínú odò nítorí olùkọ́ ìwé!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Àǹtí Ràfátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 21

Bàbá Fábíyìí ti pàṣẹ pé kí kíláàsì kó lọ sí àgbàlá Àǹtí Ràfátù, kó má baà máa rìn. Ẹni mẹ́rìnlá. Bí mo bá bi Àǹtí léèrè ọ̀rọ̀, kì í dá mi lóhùn. Ó máa ń kọ ìdáhùn sójú síléètì, yóò gbé e sókè, yóò sì wo ibòmíràn. Mo bi í, "Ṣé ẹsẹ̀ ti ń san?" Ó kọ ọ́: *Rárá.*

Ọjọ́ Ẹtì, 30

Ọjọ́ àjọ̀dún ìjọba. A tò sójú oòrùn ní Ifangni, a kọrin, a pàtẹ́wọ́. Kò sí kíláàsì. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejìlá

Mo ti ń tan iná padà. Bí mo bá ń jáde ní Daagbé báyìí, àwọn ọmọdé a máa pariwo "Dúánì! Dúánì!" tẹ̀lé mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ti òdìkejì bọ̀, tí kì í ṣe ará abúlé, ṣì ń sá. Mo ń rí ẹsẹ̀ wọn nínú iná mi. Ó ń ba ọkàn mi jẹ́ lójoojúmọ́.

Àǹtí Ràfátù kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Síléètì rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ó ti kọ ju bí ó ti kọ láti oṣù kẹta lọ.

Ọjọ́rú, 12

Mo kà wọ́n. Àwọn tí mo gbọ́kàn lé jẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ni Àǹtí Ràfátù, bí ó bá gbà láti wá. Ọ̀pá ló ń fi ń rìn, kò lè dé Ifangni. Mo ní màá fi kẹ̀kẹ́ gbé e. Ó kọ ọ́ sí síléètì: *Màá gba takisí lọ.* Owó ara rẹ̀ ló fẹ́ fi gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ìdánwò. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kí n tó sùn.

Wọ́n kà, wọ́n ṣe ìṣirò, ìyẹn lọ dáadáa. Níkẹyìn Kámáràdì Ṣàngóyẹmí ní kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn méjì nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún yìí. Ọ̀pọ̀ wọn kọ ti iṣẹ́ oko àti ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè, bí mo ṣe kọ́ wọn. Bàbá Fábíyìí kọ ti ṣúgà. Kámáràdì ń kà á sókè, ó ń fi bíìkì pupa sàmì. Mẹ́rìnlá yege. Ìwé Àǹtí Ràfátù ló kù. Ó gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀:

*Iná kẹ̀kẹ́ olùkọ́ wa ló lé mi sínú kòtò tí ẹsẹ̀ mi fi kán. Ó ti ṣàlàyé, kò tíì bẹ̀ mí.*

Kámáràdì wò mí, ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò fi bíìkì fà.

"Kò sí àṣìṣe," ó wí. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mi ò yọ̀. Mo ti ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi yìí sẹ́yìn lálẹ́ yìí, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òótọ́ ló sọ. Iye owó píìlì wà níbẹ̀. Ìtìjú mi wà níbẹ̀, àti ẹsẹ̀ mi tó wú. Mo gbé ọsàn lọ, mo dojú kẹ̀kẹ́ bolẹ̀, mo rojọ́ títí. Kò síbi tí mo ti kọ ọ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ní yàrá ìdánwò náà, níwájú gbogbo wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilẹ̀ kún fún eruku ṣọ́ọ̀kì. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ forí jì mí." Mi ò fi ohun mìíràn kún un, ó sì ṣe mí bí ẹni pé mo ní láti fi kún un.

Mo pẹ́ nílẹ̀. Mo rí orí ọ̀pá rẹ̀ nítòsí ojú mi.

"Dìde," ó wí. Láti ọjọ́ tí mo ti yí kẹ̀kẹ́ ní àgbàlá rẹ̀, ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ sí mi nìyẹn. "Ilẹ̀ ti ṣú, takisí ti lọ. Gbé mi relé."

Mo gbé e sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó na ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, ó di bẹ́líìtì mi mú. Dínámò bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Mo gbọ́ ọ tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ sì le mọ́ bẹ́líìtì náà, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ohùn yẹn ṣì ń bà á. Mo rọra ń wà á.

A dé ibi ìdènà, mo dúró, iná kú. Mílíìsì tuntun ni, kò mọ̀ mí.

"Éclairage dà?"

Bí Àǹtí Ràfátù ṣe jókòó sẹ́yìn yẹn, mi ò lè gbé táyà sókè yí. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́yìn pé kí n dákẹ́.

"Ọmọ mi, iná wà níbẹ̀," ó wí fún mílíìsì náà. "Wo ẹsẹ̀ mi."

Mílíìsì náà fi tọ́ọ̀ṣì wo ọparun tí wọ́n fi dì í. Ó gbé ọ̀pá ọ̀nà sókè fún wa.